Ohun Tó Ṣojú Rẹ Ni Kí O Sọ

Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 22:1-21, 26:1-32

Nígbà tí àwọn àgbààgbà Júù fẹ́ fẹ̀sùn kan Pọ́ọ̀lù ní Kesarea, Tertulu ni wọ́n mú wá ṣe agbẹnusọ. Ọ̀rọ̀ dá a lẹ́nu: ó kọ́kọ́ yin Feliksi gómìnà dáadáa kó tó ka ẹ̀sùn. Ìtàn onítàn ló ń sọ, Feliksi kò sì dá ẹjọ́ náà bó ṣe fẹ́.

Pọ́ọ̀lù ńkọ́? Àwọn kan ní Kọ́ríńtì ti sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan. Síbẹ̀, òun náà ló dúró níwájú Agrippa ọba tòun ti ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́, tí àwọn ọ̀gágun àtàwọn gbajúmọ̀ ìlú jókòó tí wọ́n ń wò ó. Kò fi bò pé òun ló ń kó àwọn onígbàgbọ́ sẹ́wọ̀n, tí òun sì fọwọ́ sí ikú wọn. Ó dárúkọ ọ̀nà Damasku, ó ní ọ̀sán gangan ni, ó ní gbogbo àwọn ni àwọn ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀rù lè mú kéèyàn gbàgbé ọ̀rọ̀ tó há sórí, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbàgbé ọjọ́ tó ṣubú lójú ọ̀nà?

Fi orí méjèèjì tí a kà wéra. Ní Jerúsálẹ́mù, èdè Hébérù ló fi bá èrò sọ̀rọ̀. Ó dárúkọ Gamalieli olùkọ́ rẹ̀, ó sì dárúkọ Anania ará Damasku tí àwọn Júù ìlú náà ń ròyìn rẹ̀ ní rere. Níwájú Agrippa, kò mẹ́nu kan Anania rárá. Kí ni Anania jẹ́ sí ọba? Àwọn wòlíì ló bá a sọ, torí ó mọ̀ pé ọba gbà wọ́n gbọ́. Kò parọ́ níbì kankan. Ó kàn wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni. Àwa tí a ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ọ̀kadà tí a gùn jáde nílé la ti ń bẹ̀rẹ̀, ìjọ á ti máa wo aago kí iṣẹ́ Olúwa tó dé inú ẹ̀rí. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹbí ọkọ ni wọ́n ń fi ẹ̀rí bú.

Festu, gómìnà tó rọ́pò Feliksi, pariwo pé orí Pọ́ọ̀lù ti dàrú. Pọ́ọ̀lù fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, ó sì yíjú sí ọba, ó bi í ní ìbéèrè kan. A kò kà á pé Agrippa di onígbàgbọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó gbà pé ọkùnrin yìí kò ṣe ohun tó tọ́ sí ẹ̀wọ̀n.

Bí wọ́n bá ti ní kí o wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tàbí níbi ìpàdé, mú ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ sí ọ. Sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, má fi ipa tìrẹ pamọ́. Kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan nínú ilé lónìí.

Àdúrà: Olúwa, fún mi ní ìgboyà láti sọ ohun tí o ṣe fún mi bó ṣe rí gan-an, láìbù mọ́ ọn. Àmín.