Etí Odò Kì Í Ṣe Ti Ẹnì Kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. N kò rí ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu tó ti oko etí odò. Ẹni tó ń dáko lápá òkè odò, ará ilé ẹni tó ń pọnmi nísàlẹ̀ ni, bí wọn kò tilẹ̀ fojú kan ara wọn rí. Ohun tí ọ̀kan bá dà sínú omi láàárọ̀, inú àmù èkejì ni yóò sùn lálẹ́.

Ohun tí mo fojú ara mi rí ní agbègbè Ìbàràpá ló mú mi kọ̀wé yìí. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, koríko ti gbilẹ̀. Ọkùnrin kan gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fín oògùn koríko bọ̀ láti orí òkè. Kò fi nǹkan kan bo imú, kò wọ bàtà. Ó ń fín, ó ń bọ̀, títí ó fi dé bèbè omi gan-an. Eèsún tó wà létí odò, ìtàkùn tó bo ilẹ̀ ibẹ̀, ó fín gbogbo rẹ̀ pátá. Nígbà tó parí, ó sọ pọ́ǹpù kalẹ̀ lórí òkúta tí àwọn obìnrin máa ń dúró lé láti pọnmi, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó fi agolo bu omi odò sí i, ó mì í jìgìjìgì, ó sì dà á padà sínú odò. Ìfófòó funfun gba ojú omi lọ. Ó tún bu òmíràn, ó tún mì í, ó tún dà á. Ó wá fi omi kan náà ṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó bọ́jú, ó sì fi gálọ́ọ̀nù oògùn tó ti ṣófo sílẹ̀ síbẹ̀.

Mo kí i kú iṣẹ́, ó dá mi lóhùn tayọ̀tayọ̀. Mo ní, "Àbúrò, àwọn èèyàn ń mu omi yìí nísàlẹ̀ o." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu. Omi tó ń ṣàn ni, kì í dúró."

Kì í dúró lóòótọ́. Ibi tó ń lọ ló yẹ kó kó wa lọ́kàn sókè. Odò yẹn wọ inú odò Ọ̀fíkì. Ọ̀fíkì lọ pàdé odò Ọ̀yán, níbi tí wọ́n mọ dáàmù sí, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983. Láti ibẹ̀ ni omi ti ń bọ́ sínú odò Ògùn, tí wọ́n ń fà lọ ṣe omi ẹ̀rọ fún Abẹ́òkúta àti Èkó. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń po ẹ̀kọ fún l'Ékòó lówùúrọ̀ yìí, ó ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú bí ọkùnrin yẹn ṣe fọ pọ́ǹpù rẹ̀. Kí omi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n á ti sẹ́ ẹ, wọ́n á ti fi oògùn sí i. Ṣùgbọ́n ta ló sẹ́ ẹ fún abúlé tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe pọn ọ́n ni wọ́n ṣe ń mu ún?

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ni kò mọ ohun tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ wo paraquat, oògùn koríko tí wọ́n ti ń lò látọjọ́ pípẹ́. Bí èèyàn bá ṣèèṣì gbé díẹ̀ mì, kò sí oògùn kan tó ń pa oró rẹ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, àwọn kan sì ń sọ pé nítorí ìyẹn kò lè débi omi. Wọ́n gbàgbé àgbàrá. Ilẹ̀ tí a ti fín koríko rẹ̀ kú, òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ sí i yóò gbá erùpẹ̀ òkè rẹ̀ lọ, oògùn tó lẹ̀ mọ́ ọn yóò sì bá a wọ odò. Atrazine tí wọ́n ń fín sí oko àgbàdo kò tilẹ̀ ní sùúrù láti dúró de erùpẹ̀, omi ló ń bá lọ. Àjọ NAFDAC, tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti fòfin de paraquat láti oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n sì fòfin de atrazine láti oṣù kìíní ọdún 2025. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Àbújá jìnnà sí etí odò. Ẹni tó ní jálá méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò ní torí òfin dà á nù, inú oko ló máa fín in sí.

Gálọ́ọ̀nù tó fi sílẹ̀ yẹn ńkọ́? Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi dé láti wẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé e, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣí i, ó fi imú gbóòórùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ó fẹ́ẹ́ gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lọ wo ọjà yín, ẹ ó rí i pé irú gálọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n rọ epo pupa sí, tí wọ́n rọ kẹrosíìnì sí. Ẹ lọ wo abẹ́ igi níbi tí àwọn tó ń roko ti ń sinmi, ẹ ó rí i tí wọ́n fi ń gbé omi mímu lọ sóko. Ará ilé wa ń jẹ kòkòrò, àwa náà jókòó, a ń wò ó.

Mo mọ ohun tó ń ṣe àgbẹ̀. Alágbàṣe ti wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó dì mọ́ ọkọ́ ti gun ọ̀kadà lọ. Ilẹ̀ tí ọkọ́ yóò ro fún ọjọ́ pípẹ́, pọ́ǹpù kan lè fín in láàárọ̀ ọjọ́ kan. N kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sí ìyà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó níbi tó yẹ kí pọ́ǹpù dúró, ó sì níbi tó yẹ kí a ti fọ̀ ọ́.

Àwọn tó ṣáájú wa mọ ibi tó yẹ kí ọkọ́ dúró. Wọn kì í ro igbó etí odò. Ògùrọ̀ wà níbẹ̀, ọparun wà níbẹ̀, ìtàkùn wọnú ara wọn, gbòǹgbò wọn di ilẹ̀ bèbè mú. Bí àgbàrá bá sáré dé ibẹ̀, ewé jíjẹrà á dá a dúró, erùpẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀, omi nìkan ni yóò máa sun wọ odò. Bí ilẹ̀ oko bá dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ìbú òkè ni wọ́n ń kọ ebè gbà, wọn kì í kọ ọ́ dojú kọ ìsàlẹ̀, nítorí ebè tó bá dojú kọ ìsàlẹ̀ ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún àgbàrá. Wọ́n ń gbin ẹ̀gúsí sáàárín ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gúsí á tàn, á bo ilẹ̀, oòrùn kò ní lè sun ún, koríko kò sì ní rójú hù. Ará Ìbàràpá kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wọn ní ẹ̀gúsí gbígbìn. Ìmọ̀ yẹn wà nílẹ̀, ìwàǹwára ló jẹ́ ká gbé e jù sẹ́yìn.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣé kí kálukú sá ti máa tọ́jú etí odò tirẹ̀?" Kò tó. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Kò sí igbó etí odò tí wọ́n tọ́jú tó o nílẹ̀ Yorùbá. Àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹja. Síbẹ̀ omi Ọ̀ṣun tó ń gba inú igbó yẹn kọjá ti pọ́n bí ẹrẹ̀, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè ń da ẹrẹ̀ sí i. Igbó dúró, igi dúró, òrìṣà kò kúrò níbẹ̀, omi bàjẹ́. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí.

Kóńkó jabele, oníkálukú ń ṣe tiẹ̀, bí a ṣe ń gbé báyìí nìyẹn. Iná ọba kú, kálukú ra jẹnẹrétọ̀. Omi ẹ̀rọ kò yọ mọ́, kálukú gbẹ́ kànga dẹ̀rọ sínú ọgbà rẹ̀, ó mọ odi yí i ká, ó fi ìgò fífọ́ sí orí odi. Ojú ọ̀nà bàjẹ́, ẹni tó lówó ra mọ́tò gíga. Wọ́n pe ìpàdé àdúgbò, ọ̀dọ́langba méjì àti bàbá arúgbó kan ló wá. Ọmọ tó dàgbà sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, níbo ni yóò ti kọ́ ọ pé nǹkan kan wà tó jẹ́ ti gbogbo wa? Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sétí odò, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

A ti jọ dáàbò bo omi rí, a sì ṣe é yọrí. Yorùbá ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ohun tó ń jẹ́ sòbìà, àwa tó dàgbà ní Ìbàràpá mọ̀ ọ́n. Ìgbà iṣẹ́ oko gan-an ló máa ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀, aràn á máa yọ jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí aràn ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á wọ inú odò láti fi omi tu ara, aràn á tú ọmọ sínú omi, kòkòrò omi tíntìntín á gbé ọmọ aràn mì, ẹni tó bá mu omi náà ti mu sòbìà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá àwọn aláìsàn náà káàkiri Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n rí èyí tó lé ní 650,000. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, ràn wá lọ́wọ́, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ rí, rin abúlé dé abúlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi aṣọ sẹ́ omi nílé ni ìyá àgbà, ẹni tó dúró lẹ́nu odò tó ń dá elégbò padà ni ọmọ abúlé. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sí oògùn tó ń wò ó. Àdéhùn ló wà nídìí rẹ̀: ẹni tí ó ń ṣe kò ní wọ omi, ẹni tí kò ṣe kò ní mu ún láìsẹ́ ẹ.

Ìlú New York ní Amẹ́ríkà náà dé oríta tí àgbẹ̀ òkè odò àti ẹni tó ń mu omi nísàlẹ̀ ti pàdé. Èyí tó pọ̀ jù nínú omi tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ibẹ̀ ń mu, láti orí àwọn òkè Catskill ló ti ń wá, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń sin màlúù. Dípò kí ìlú náà máa ná òbítíbitì owó sórí ilé-iṣẹ́ tí yóò sẹ́ omi yẹn, wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìlú kéékèèké òkè. Ìlú náà ń sanwó ọgbà tí kò ní jẹ́ kí màlúù wọ odò, ó ń sanwó ibi tí wọ́n ń kó ìgbẹ́ màlúù sí, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló sì ń darí ètò náà. Ní 1997 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tó so gbogbo wọn pọ̀. Èkó tó ń mu omi Ọ̀yán, kí ló ti ṣe fún àgbẹ̀ tó wà létí Ọ̀fíkì?

Kí Èkó tó dáhùn, àáró ṣì wà lọ́wọ́ wa, ọ̀wẹ̀ ṣì wà. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kí Baálẹ̀ pe gbogbo ẹni tó ń jẹ lára odò kan: onílẹ̀, ẹni tó yá ilẹ̀, àwọn tó ń fún ẹ̀gẹ́ gàrí tí omi ẹ̀gẹ́ wọn ń ṣàn wọ odò, darandaran, ẹni tó ń ta oògùn koríko, àti àwọn obìnrin tó ń pọnmi. Kí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yìí ṣáájú. Kí wọ́n jọ wọn ẹsẹ̀ bàtà ọgbọ̀n sókè láti etí omi, kí wọ́n fi àmì sí igi, kí pọ́ǹpù má kọjá ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fín oògùn, kí ó gbé omi lọ sóko. Kí ó fi omi yẹn fọ gálọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó da omi náà sínú pọ́ǹpù, kí ó fín in sórí koríko, kí ó sì fi ìṣó lu gálọ́ọ̀nù náà kí ẹnikẹ́ni má baà rí i bu epo. Kí wọ́n gbin ọparun àti àgbálùmọ̀ sí ibi tí wọ́n dá sí. Ti onílẹ̀ ni èso rẹ̀, kí ó má baà dà bí ẹni pé wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀. Oko ẹni tó wà lókè pátápátá ni kí àáró ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò wá, kí wọ́n bá a ṣe tirẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, kí Baálẹ̀ àti àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀ sì lọ bá a nílé kí òjò tó dé.