Irinṣẹ́ Àháyà, Àwòrán Ta Ni?

Nẹ́gátíìfù fíìmù ṣeé fọwọ́ mú. Ẹni tó bá fọ fíìmù rẹ̀ dáadáa, tó sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọ̀rinrin àti ooru kò ti lè bà á jẹ́, lè yọ ọ́ jáde lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, kó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kó sì rí ohun tó yà. Ṣùgbọ́n nẹ́gátíìfù kò tíì di àwòrán. Ohun tó funfun lójú ayé dúdú lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ fíìmù aláwọ̀, àwọ̀ ọsàn kan tún bo gbogbo rẹ̀, èyí tí àwọn tó ṣe fíìmù mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ láti ṣàtúnṣe àléébù inú aró rẹ̀. Ẹnì kan ní láti yí i padà, kó pinnu bí òjìji yóò ṣe dúdú tó, kó sì pinnu bí àwọ̀ ara èèyàn yóò ṣe rí. Ansel Adams, ará Amẹ́ríkà tó kọ́ dùùrù kó tó gbájú mọ́ fọ́tò, máa ń fi nẹ́gátíìfù wé orin tí a kọ sórí ìwé, ó sì ń fi àwòrán tí a tẹ̀ wé orin náà nígbà tí a bá ń lù ú. Lọ́dún 1941 ló ya òṣùpá tó yọ sókè abúlé Hernandez ní New Mexico. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń tẹ àwòrán náà jáde, sánmà rẹ̀ sì ń dúdú sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, bẹ́ẹ̀ nẹ́gátíìfù kan ṣoṣo ni. Ìtumọ̀ tí ayàwòrán bá fún nẹ́gátíìfù rẹ̀, tó bá wá jẹ́ inú irinṣẹ́ onírinṣẹ́ ló wà, ta ló ni ín?

Láyé yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, ìbéèrè yìí kò le rárá. Láàárín àwọn onífótò Yorùbá ní ìlú bíi Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a ya èyí tó kù, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Tó bá jẹ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni, èyí tó kù a wọ aṣọ ọkùnrin fún ìdá kan, a sì wọ aṣọ obìnrin fún ìdá kejì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àti òkú ni, ọwọ́ onífótò ló sì ti parí. Ó ra bébà, ó ra kẹ́míkà, ohun tó bá sì ti rà ti di tirẹ̀.

Kò yẹ kí a sọ ayé àtijọ́ di párádísè ṣá. Lọ́dún 1888, George Eastman ta kámẹ́rà Kodak ní dọ́là 25 pẹ̀lú fíìmù àwòrán 100 nínú rẹ̀. Tí fíìmù bá tán, olówó rẹ̀ a fi kámẹ́rà náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Eastman ní Rochester, a san dọ́là 10, wọn a sì bá a fọ̀ ọ́. Gbígbé iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán bá ti dé, gbèsè ti tán láàárín wọn.

Ohun tó yí padà ni pé kọ̀ǹpútà ti gba ipò yàrá òkùnkùn, gbèsè náà kì í sì í tán mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, Adobe, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ètò tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, kéde pé Creative Suite 6 ni yóò kẹ́yìn nínú àkójọ ètò rẹ̀ tí èèyàn lè rà lẹ́ẹ̀kan, pé owó àsansílẹ̀ ni yóò kù. Nínú Lightroom, ètò fọ́tò rẹ̀, Lightroom 6 ti ọdún 2015 ni ìkẹyìn tí èèyàn lè rà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò bá san owó àsansílẹ̀ Lightroom Classic mọ́ ṣì lè ṣí i, ó ṣì lè rí àwòrán rẹ̀, kó sì kó wọn jáde, ṣùgbọ́n apá tí wọ́n ti ń tún àwòrán ṣe yóò tì pa. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan rẹ̀, nẹ́gátíìfù rẹ̀ wà nínú àpótí. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni agbára láti pa èrò ara rẹ̀ dà, irú èyí tí Adams lò lórí òṣùpá kan ṣoṣo títí ó fi darúgbó.

Richard Stallman, tó dá iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà olómìnira tí wọ́n ń pè ní GNU sílẹ̀ lọ́dún 1983, ti dáhùn ìbéèrè pé ta ló ni irinṣẹ́ ní tirẹ̀: ẹni tó ń lo ètò kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ lè lò ó bó ṣe wù ú, kó yẹ inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Inú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ètò tí ayàwòrán fíìmù lè lò láìsan kọ́bọ̀ ti jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Berkeley bẹ̀rẹ̀ GIMP, ètò tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, lọ́dún 1995. RawTherapee, tí Gábor Horváth ará Hungary bẹ̀rẹ̀, di ti gbogbo ayé lọ́dún 2010, àwọn ẹlòmíràn sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Láti ọdún 2019 ló ti ní apá tó ń yí nẹ́gátíìfù padà. Irú apá bẹ́ẹ̀ nínú darktable, ètò ọ̀fẹ́ mìíràn, dé lọ́dún 2020, negadoctor ni wọ́n ń pè é, orí ètò Cineon tí Kodak ṣe fún fíìmù sinimá ni wọ́n sì gbé e kà. Ayàwòrán á fi skánà tàbí kámẹ́rà ya nẹ́gátíìfù rẹ̀, á fi etí fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn han ètò náà kó lè mọ àwọ̀ ọsàn tí yóò yọ kúrò, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa yan dúdú àti funfun fúnra rẹ̀. RawTherapee ń kọ gbogbo ìpinnu wọ̀nyí sínú fáìlì pp3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, ọ̀rọ̀ lásán tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kà.

Ọ̀fẹ́ tàbí rírà-lẹ́ẹ̀kan nìkan kò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ra Negative Lab Pro, ètò tó ń yí nẹ́gátíìfù padà, ṣùgbọ́n orí Lightroom ló dúró lé. Affinity, ètò àwòrán tí wọ́n ti ń tà ní rírà-lẹ́ẹ̀kan, bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Canva lọ́dún 2024. Ó di ọ̀fẹ́ lọ́dún 2025, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì Canva. Owó ti kúrò níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ onílé. Ní apá kejì, darktable kò rọrùn láti kọ́, onífótò tí àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó ń pè lójoojúmọ́ lè ní ìdí gidi tó fi ń san owó oṣooṣù. Ìpinnu tí a kọ sínú darktable kò sì ní ìtumọ̀ kankan fún RawTherapee, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Nítorí náà, tí iṣẹ́ bá ti parí, ayàwòrán a kó o jáde gẹ́gẹ́ bíi fáìlì àwòrán TIFF, a sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú nẹ́gátíìfù. Ilé iṣẹ́ Aldus ló ṣe TIFF, ó sì tẹ àlàyé ẹ̀dà rẹ̀ kẹfà jáde lọ́dún 1992. Lọ́dún 1994, Adobe ra Aldus, TIFF sì di tirẹ̀, ṣùgbọ́n àlàyé náà ti wà níta, gbogbo àwọn ètò tí a dárúkọ wọ̀nyí ló sì lè kà á.