Dùùrù Mọ Ọwọ́ Tó Tẹ̀ Ẹ́

*OÚNJẸ ÒWÚRỌ̀*
*Ẹ kà:* 1 Sámúẹ́lì 16:14-23 àti 1 Sámúẹ́lì 1:9-18

  

Ẹ bá mi wo ẹsẹ kẹtàlélógún nínú orí kẹrìndínlógún yẹn. Ẹ̀mí burúkú ń da Sọ́ọ̀lù láàmú, wọ́n ránṣẹ́ pe Dáfídì, ó ta dùùrù, ara tu ọba. Gbogbo wa la mọ ìtàn náà láti kékeré. Ṣùgbọ́n Bíbélì ò fi mọ síbẹ̀, ó dárúkọ ọwọ́ Dáfídì. Ẹnì kan lè ní, "Ajíhìnrere, ṣé ẹsẹ̀ ni ì bá fi ta á ni?" Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ máa ń fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ohun tó wà lọ́kàn Dáfídì, ọwọ́ rẹ̀ ló gbà dé ara okùn, ara okùn ló gbà dé ọ̀dọ̀ ọba.

Dùùrù tí àwọn baba wa tó túmọ̀ Bíbélì pe ohun èlò Dáfídì yìí, òun náà la fi ń pe píánò inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ti ṣí inú píánò wò rí á mọ̀ pé orúkọ náà bá a mu, torí okùn irin tó wà níbẹ̀ lé ní 200. Ọmọ Ítálì kan, Bartolomeo Cristofori, ló ṣe é ní ìlú Florence ní nǹkan bí ọdún 1700. Èyí tó gbajúmọ̀ láàfin àwọn ọba Yúróòpù ṣáájú ìgbà náà, bí o rọra tẹ̀ ẹ́ ni o, bí o gbá a ni o, bákan náà ló ṣe máa dún. Cristofori fẹ́ èyí tó máa gbọ́rọ̀ sí ọwọ́ lẹ́nu, ló bá fi àwọn òòlù kéékèèké sí i. Orúkọ tí wọ́n fún un lédè Ítálì gùn díẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè dún jẹ́jẹ́, ó sì lè dún kíkankíkan. Nígbà tí àwọn èèyàn gé orúkọ náà kúrú, "jẹ́jẹ́" ló ṣẹ́ kù. Òun ni píánò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn pa mọ́ sí igun kan lọ́kàn yín, a ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ Hánà.

Bí o bá tẹ ọ̀kan nínú kíì píánò, igi á gbé igi, igi á ju òòlù sókè. Irun àgùntàn tí wọ́n lù pọ̀ ni wọ́n fi wé orí òòlù náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé òòlù yẹn á ti kúrò lábẹ́ àkóso ìka rẹ kó tó kan okùn. Ó máa ń ku díẹ̀ kó débẹ̀ ni igi á tú u sílẹ̀, tí á dá fò lọ. Bí o ṣe rán an ló ṣe máa jíṣẹ́. O ò lè sáré tẹ̀ lé e kí o lọ tún un ṣe lọ́nà.

Kíbọ́ọ̀dù ni èmi fi dàgbà. Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan píánò gidi, èyí àtijọ́ kan tí wọ́n gbé ti ògiri. Mo rọra tẹ kíì kan, kò dún rárá. Mo tún un tẹ̀. Ó wúwo lọ́wọ́ mi, àfi bíi pé ó ń bi mí pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Ìgbà tí mo wá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, gbogbo pákó rẹ̀ gbọ̀n, mo sì mọ̀ ọ́n lára láti ìka dé ìgúnpá. Kíbọ́ọ̀dù ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí.

Kò sí òòlù nínú kíbọ́ọ̀dù tó pọ̀ jù ní àwọn ìjọ wa, kò sì sí okùn. Kíì 61 ló sábà máa ń ní, ti píánò jẹ́ 88. Rọ́bà ló wà lábẹ́ kíì náà, bí rọ́bà bá ti kanlẹ̀, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á gbé ohùn tí wọ́n ti fi pa mọ́ síbẹ̀ jáde. Èyí tó pọ́ọ́kú nínú wọn ò mọ̀ bóyá ìbínú lo fi tẹ òun tàbí omijé. Àwọn tó dára jùyẹn lọ máa ń wo bí ìka ṣe yára tó, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà láti 1 dé 127. Àwọn olówó gọbọi tiẹ̀ wà tí wọ́n ki òòlù sí nínú, kí ìka lè rí nǹkan gbé bíi ti píánò. Èèyàn gbìyànjú, ká má parọ́.

Mi ò sì bá kíbọ́ọ̀dù jà o, kí àwọn atẹdùùrù má lọ sọ pé Ajíhìnrere ń bú wọn láàárọ̀ kùtù. A ti gbé kíbọ́ọ̀dù sẹ́yìn ọ̀kadà lọ ṣe ìwàásù gbangba ní abúlé tí mọ́tò ò dé. Ta ló fẹ́ gbé píánò débẹ̀? Píánò á wú lójò, á gbẹ lọ́yẹ́, ohùn rẹ̀ á yẹ̀, ikán á máa wò ó lójú. Kíbọ́ọ̀dù ò mọ ọyẹ́ mọ òjò. Ohun tó ń kọ mí lóminú wà lọ́dọ̀ àwa tá à ń tẹ̀ ẹ́.

Ọmọkùnrin kan wà ní agbègbè wa níbí, ó mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ débi pé ìjọ mẹ́ta ló ń jà du ún. Ó lọ ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ orin kan. Píánò ni wọ́n ní kó jókòó sí. Wọ́n ní kó ta orin kan lórí E, ó wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún, ó ń wá bọ́tìnnì transpose. Kò sí. Láti ọdún tó ti ń tẹ̀ ẹ́, orí C nìkan ni ìka rẹ̀ ń gbé. Orin yòówù kí ìjọ gbé, bọ́tìnnì ló ń bá a yí ohùn padà, ìka rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Wọn ò gbà á lọ́dún náà. Ó sunkún, àwa náà sì bá a dárò. Ó ń kọ́ ọ báyìí, ohùn kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú ìrora. Mo gbóríyìn fún un.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Àdúrà tá a gbà níbi ìkómọ, ṣé kì í ṣe òun náà la gbà níbi ìsìnkú, tó jẹ́ pé bọ́tìnnì la kàn yí? Ohùn lọ sókè, ohùn wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn ò ṣípò. Bọ́tìnnì démò ńkọ́, èyí tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn? Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, kíbọ́ọ̀dù á máa dá kọrin lọ, wọ́n á máa ju ọwọ́ lórí kíì bíi pé àwọn ni. Òwúrọ̀ yìí pàápàá, àwọn kan ti fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí gúrúùpù mẹ́fà, wọn ò tíì kà á délẹ̀. Mo rí yín o!

Ní 1922, Kánọ́nì J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta tó súnmọ́ wa níbí, bàbá bàbá Fẹlá, kọ àwọn orin Kristẹni lédè Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Píánò ló gbè é lẹ́sẹ̀. Wọn ò tíì máa fi iná mànàmáná gba orin sílẹ̀ nígbà náà. Ẹnu ìwo ńlá kan ni akọrin máa dojú kọ, agbára ohùn rẹ̀ àti ti ohun èlò rẹ̀ ló máa ti abẹ́rẹ́ tí abẹ́rẹ́ fi máa gbẹ́ ojú àwo. Kò sí bọ́tìnnì tá a lè yí kó bá wa pariwo sí i. Ohun tí èèyàn ò bá gbé wá, àwo ò ní í gbà á sílẹ̀.

Àwa ti Yewa ti rí ìgbà tí kò sí bọ́tìnnì rí. Oṣù kẹjọ 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ibodè ilẹ̀ pa. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n tún pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀bá Ìdí-Ìrókò, ẹ ò nílò kí n ròyìn rẹ̀ fún yín. Mo wà nínú ìjọ kékeré kan lọ́nà ibẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan lásìkò náà. NEPA ò mú iná wá, jẹnẹrétọ̀ ò rí epo mu. Wọ́n da aṣọ funfun bo kíbọ́ọ̀dù bí ẹni bo òkú. Ẹni tó máa darí àdúrà dúró, ó gbá ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó sì gbé e kalẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, a ò tiẹ̀ mọ bí a ṣe máa bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kan wà lẹ́yìn, ọlọ́jà tí gbogbo owó rẹ̀ há sí òdì kejì ibodè. Òun ló bẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ojú àtùpà ni mo fi rí i tó di bẹ́ǹṣì iwájú rẹ̀ mú, gbogbo iṣan ọwọ́ rẹ̀ yọ, ètè rẹ̀ ń mì. Bẹ́ǹṣì náà ń gbọ̀n. Lẹ́yìn tó ṣe díẹ̀, ó nu ojú, ó dìde, ó béèrè lọ́wọ́ obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ṣé oúnjẹ ṣẹ́ kù nílé.

Mi ò ní í parọ́ fún yín pé ibodè ṣí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò. Ṣùgbọ́n ẹ padà sínú 1 Sámúẹ́lì orí kìíní. Hánà gbàdúrà, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Élì tó jẹ́ àlùfáà, tí etí rẹ̀ ti mọ́ ariwo, rò pé ó ti mutí. Jẹ́jẹ́ ló dún, bẹ́ẹ̀ ó wúwo. Ẹni tó bá ti jókòó sí píánò rí á sọ fún yín pé ó rọrùn láti gbá a ju kí ìka rọra tẹ̀ ẹ́ kó sì tún sọ̀rọ̀ yé èèyàn. Ẹ wá wo ẹsẹ kejìdínlógún. Hánà jẹun, ojú rẹ̀ ò fà ro mọ́. Kò tíì lóyún o! Pẹ̀nínà ṣì wà nílé, ẹnu rẹ̀ ò tíì wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n òòlù ti kúrò lọ́wọ́ Hánà, ó ti lọ sí ibi tó rán an, kò sáré tẹ̀ lé e mọ́.

*Ẹ JẸ́ KÁ GBÀDÚRÀ*
Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má tan orin kankan. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí tó wúwo jù lọ́kàn yín, ẹ sọ ọ́ lóhùn tí ẹni tó wà ní yàrá kejì ò ní gbọ́.

Baba, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fi ẹnu lásán sọ fún Ọ láti ọjọ́ yìí wá, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbé e wá láàárọ̀ yìí. Gbà á lọ́wọ́ mi. Rántí àwọn tó ń ná ọjà ní ibodè. Rántí àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ dùùrù nínú ìjọ wa, má jẹ́ kí ọwọ́ wọn máa ṣiṣẹ́ kí ọkàn wọn máa sùn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.