Ta Ni Yóò Dáhùn fún Ọ̀rọ̀?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí àwa olùkọ́ bi ara wa kì í ṣe bóyá ọ̀nà tuntun tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ dára ju ti àtijọ́ lọ. Ìwé a máa pẹ́ ju ẹnu lọ, ẹ̀rọ a sì máa yára ju ìwé lọ. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni èyí: bí ọ̀rọ̀ ti ń rìn jìnnà sí ẹni tí ó sọ ọ́, ta ni yóò dáhùn fún un?

Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ni ó ń fi orí pa ìtàn àwọn ọba mọ́. Ọ̀nà yìí ní àbùkù tirẹ̀: bí arọ́kin bá kú láìkọ́ ọmọ, ohun tí ó mọ̀ bá a wọlẹ̀, n kò sì rò pé ó rọrùn fún un láti sọ àléébù ọba tí ó ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Olùgbọ́ lè bi í pé lẹ́nu ta ni ó ti gbọ́ ọ.

Àlùfáà Samuel Johnson gba ìtàn lẹ́nu irú wọn, ó sì parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó fún títẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù nílẹ̀. Ní 1916, a fi í sínú ọkọ̀ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, ó di Amẹ́ríkà! Ní 1921 ni ìwé náà tó jáde, nígbà tí Obadiah pàápàá ti kú. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti sọ ọ́ di púpọ̀, kò sí ọkọ̀ kan tí ó lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ mọ́. Oore ńlá ni. Síbẹ̀, ohun tí mo yìn jù ni pé Johnson dárúkọ àwọn tí ó kọ́ ọ: àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, gbajúmọ̀ òpìtàn. Ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu, ó bọ́ sórí ìwé, okùn tí ó so ó mọ́ ẹni tí ó sọ ọ́ kò já.

Okùn yìí ni tẹlifóònù alágbèéká ń já lójoojúmọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2014, nígbà tí àrùn Ebola wà ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan gba orí tẹlifóònù kiri pé omi iyọ̀ ni ajẹsára rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì kú nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ta ni ó pa wọ́n? Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fi í ránṣẹ́ ni ó ṣe é nítorí ìfẹ́ ará ilé wọn, bí a bá bi wọ́n, wọn a ní, “Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni.” Àwọn kan yóò ní ẹni tí kò dá irọ́ sílẹ̀ kò jẹ̀bi irọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ láti etí kan dé òmíràn ti fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀.

Nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń bẹ̀ wò, a máa ń fún ọmọ ní máàkì nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ tọ́. Èmi kò tíì rí ibi tí a gbé fún un ní ẹyọ kan nítorí pé ó sọ ibi tí ó ti mú un.