Bí Aago Lífíìtì Bá Dún, Ta Ni Yóò Jáde?

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa tí ó ń gbé ìlú ńlá, tàbí tí iṣẹ́ ń gbé lọ síbẹ̀, ni ó ti wọ lífíìtì rí: ẹ̀rọ tí ó ń gbé ènìyàn lọ sí àjà òkè, tí ó sì ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Ìrìn inú rẹ̀ kì í pẹ́ rárá. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, a ti dé ibi tí à ń lọ, a sì ti pínyà pẹ̀lú àwọn tí a jọ wọ̀ ọ́. A kò mọ orúkọ wọn, àwọn náà kò mọ tiwa. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń rò pé ìwà tí ènìyàn bá hù níbẹ̀ kò já mọ́ nǹkankan. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Ǹjẹ́ a jẹ ẹni tí a kò mọ̀, tí a kò sì ní rí mọ́, ní gbèsè kan? Amòfin inú Lúùkù orí 10 béèrè ẹni tí ọmọnìkejì òun í ṣe. Nínú lífíìtì, ọmọnìkejì wa súnmọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fi ń gún wa ní ìhà.

Ẹ̀rù ni ó kọ́kọ́ dí ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń fi okùn fa ẹrù lọ sókè, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ lé okùn tí ó lè já? Ní ọdún 1854, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Elisha Otis, dúró lórí pèpéle tí a fi okùn fà sókè níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní New York, ó sì ní kí wọ́n gé okùn náà. Pèpéle náà yẹ̀ díẹ̀, ìjánu tí ó ṣe sí i sì gbá a mú. Ní ọdún 1857 ni wọ́n fi irú rẹ̀ fún èrò sínú ilé ìtajà alájà 5 kan ní òpópónà Broadway. Láti ìgbà náà ni ilé ti ń ga sí i. Nígbà tí a parí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, ní ọdún 1965, àjà 26 ni ó ní. Ta ni yóò máa fi ẹsẹ̀ gùn ún láràárọ̀? Otis ti bá wa yanjú ọ̀rọ̀ okùn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó dúró tì wá ni kò bá wa yanjú.

Àwọn ìwà tí ń bí ènìyàn nínú níbẹ̀ kò ṣòro láti kà. Ẹnìkan dúró gbagidi sí ẹnu ọ̀nà: àwọn tí ó wà nínú kò rí ibi jáde, òun náà kò rí ibi wọlé. Ẹlòmíràn fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ bọ́tìnì ìgòkè àti ti ìsọ̀kalẹ̀ pọ̀, ó rò pé èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò gbé òun. Òmíràn ń pariwo lórí fóònù, ó ń ka gbèsè tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ jẹ sétí gbogbo ayé. Ọmọdé tí ó tẹ bọ́tìnì gbogbo àjà, a lè dárí jì í. Ti bàbá rẹ̀ tí ó ń rẹ́rìn-ín ni ó le.

Èyí tí ó burú jù lójú tèmi ni ti ẹni tí ó gbọ́ ìró bàtà ẹni tí ń sáré bọ̀, tí ó sì yára tẹ bọ́tìnì tí ń ti ilẹ̀kùn. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1990 láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn abirùn, àti ìlànà tí ó tẹ̀lé e, sọ ọ́ di dandan pé kí ilẹ̀kùn lífíìtì wà ní ṣíṣí fún ìwọ̀n àkókò kan, kí ẹni tí ń fi ọ̀pá rìn tàbí tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè ráyè wọlé. Ohun tí ìyá wa ìbá fi ojú lásán kọ́ wa ni ìjọba wá fi òfin kọ́ni.

Àwọn òyìnbó sábà máa ń dákẹ́ nínú lífíìtì, wọn a tẹjú mọ́ nọ́ńbà tí ń tàn lókè ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ìgbéraga ni gbogbo ìgbà. Àyè tí ara kò ní ni wọ́n ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe fún ara wọn. Ṣùgbọ́n lójú Yorùbá, ẹni tí ó wọlé bá ènìyàn tí kò kí i, bí ẹni pé ó ní kò sí ènìyàn níbẹ̀ ni. A kò tilẹ̀ ní láti wá ìkíni tuntun. “Ẹ kú ìdúró” ti wà nílẹ̀ kí lífíìtì tó dé, ó sì bá a mu gẹ́lẹ́. Ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ni kò sí àyè fún. Ọmọ tí ó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ láàárín ènìyàn mẹ́jọ, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò forí gbá. Kí ó tẹrí ba díẹ̀, ó tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ibi aago. Lára ògiri lífíìtì ni a máa ń kọ ìwọ̀n tí ó lè gbé sí: ènìyàn 8, kílò 630, fún àpẹẹrẹ. Bí ẹrù bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, aago yóò dún, ilẹ̀kùn kò sì ní padé títí ẹnìkan yóò fi jáde. Ní ilé tí lífíìtì mẹ́rin wà, tí ọ̀kan ṣoṣo sì ń ṣiṣẹ́, aago yìí a máa dún lójoojúmọ́. Kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀? Gbogbo ènìyàn á gbójú sókè, ẹnikẹ́ni kò ní mira. Ní ọdún 1962, wọ́n ṣe eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, Candid Camera, nínú èyí tí àwọn òṣèré wọ lífíìtì, tí gbogbo wọn sì kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò mọ nǹkankan wò wọ́n títí, òun náà sì yí padà díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti aago. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò jáde, kò sí ẹni tí ó ń rò pé òun ni kí ó jáde.

Ohun tí a sábà ń sọ ni pé kí ẹni tí ó wọlé kẹ́yìn jáde. Ó rọrùn, kì í sì í dá ìjà sílẹ̀. Mo gbà pé kí a máa tẹ̀lé e nígbà tí kò bá sí ohun mìíràn láti wò. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé ẹni náà ni ó jẹ̀bi. Ẹ̀rọ kò mọ iye orí, ìwúwo ni ó mọ̀. Bí ọkùnrin kan bá ti gbé páálí ìwé mẹ́rin wọlé ṣáájú, tí ọmọbìnrin tín-ínrín kan sì wọlé kẹ́yìn, ta ni ó mú kí aago dún? Gbogbo wa ni. Ìwọ̀nba tí ọmọbìnrin náà wúwo kì bá tí dá nǹkankan sílẹ̀ bí kò bá sí tiwa nílẹ̀. Ẹni tí ó bá jáde, gbèsè gbogbo wa ni ó san. Ohun tí ó yẹ kí a wò, nígbà náà, ni ẹni tí ó rọrùn fún jù láti san án: ẹni tí ń lọ sí àjà kejì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le, tàbí ẹni tí kò sí ohun tí ń lé e. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó lè mọ èyí àfi ẹni náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbà wá ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ ti tò fún ogún ìṣẹ́jú, bàbá kan dé, ó kọjá sí iwájú. Ilé kọ́ wa pé kí a yẹra fún àgbà, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ jẹ́ ohun tí a ń fún ni. Bí àgbà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un, ó ti di nǹkan mìíràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: iṣẹ́ ni òwe yìí gbé lé àgbà lọ́wọ́, kò fún un ní ipò iwájú. Bàbá tí aago dún mọ́ lórí, tí ó rí aláboyún ní igun, tí ó sì sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé, “Ọmọ mi, jẹ́ kí èmi àti ìwọ jáde,” ti ṣe àgbà.

Ní ilé ìwòsàn, kò yẹ kí iyèméjì wà rárá. Bí wọ́n bá ti ti aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́ dé, kí gbogbo ẹni tí ó lè rìn jáde, láìdúró de aago. Ẹni tí ó gbé abọ́ oúnjẹ lọ fún ará ilé rẹ̀ lè sọ pé ìtọ́jú ni tòun náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ lè dúró díẹ̀.

Kí kíláàsì jíròrò èyí: Obìnrin kan gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wọ lífíìtì kẹ́yìn. Aago dún. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó ti yí padà, ó ti jáde. Àwọn méje tí ó kù dákẹ́, ilẹ̀kùn sì padé. Kò sí ẹni tí ó lé e. Nínú àwọn méje náà, ta ni ó ṣẹ̀ ẹ́?