Gàrí Dùn, Odò Bàjẹ́: Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù." Òwe yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó dé dúró. Kò sọ fún wa bí ọ̀ràn yóò ti rí nígbà tí ẹni tí ó da omi kì í ṣe ẹni tí yóò tẹ ilẹ̀ náà. Nígbà tí omi tí a dà jẹ́ omi olóró. Àti nígbà tí ó jẹ́ pé bí a kò bá da omi náà, ọmọ kò ní jẹun, kò sì ní lọ sí ilé-ìwé. Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. N kò gbé e kalẹ̀ bí onídàájọ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí, nítorí pé owó tí ó ti inú omi náà wá ni a fi rán mi lọ sí ilé-ìwé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ó tọ́ mi dàgbà, gàrí ni ó sì ń ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn obìnrin yóò ti jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká lábẹ́ àtíbàbà, tí wọn yóò máa bó o. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tí wọn yóò rin ẹ̀gẹ́ náà, tí wọn yóò rọ ọ́ sínú àpò, tí wọn yóò sì fi jáàkì fún un. Nígbà tí ó bá ti kan, tí ó sì ti gbẹ díẹ̀, wọn yóò sẹ́ ẹ, wọn yóò yan án nínú agbada lórí iná igi, èéfín yóò sì bo gbogbo ilẹ̀. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ yóò gba owó tirẹ̀, ẹni tí ó ta igi yóò gba tirẹ̀, alájàpá tí ń gbé gàrí lọ sí ìlú ńlá yóò gba tirẹ̀. Ohun tí ó bá kù ni ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Omi tí ń jáde láti inú àpò wọ̀nyí a máa funfun bí omidùn ògì, òórùn rẹ̀ a sì máa le. Ojú àgbàrá kan wà tí ó ń gbà lọ sí ìsàlẹ̀, inú odò kékeré kan ni ó sì ń bọ́ sí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ó ti ń ṣàn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í pé níbo ni ó ń lọ.

Mo wà ní ilé-ìwé girama nígbà tí bàbá àgbẹ̀ kan wá bá wa láti abà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò ti fà. Ó tú ewé tí ó dì mọ́wọ́. Ẹja wẹ́wẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ti kú. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. N kò bá ìjà wá. Odò tí ẹ ń da omi yìí sí, òun ni àwa ń mu. Ewúrẹ́ mi kan mu nínú rẹ̀ lánàá, ilẹ̀ kò mọ́ bá a."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú. Bí mo bá ní ibòmíràn tí mo lè dà á sí, n kì bá tí dà á síbẹ̀."

Bàbá náà mi orí. Ó ní, "Bí èmi náà bá ní odò mìíràn, n kì bá tí wá."

Kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wọn kóńgò gàrí mẹ́ta fún un, ó sì gbà á, ó dúpẹ́, ó lọ. Omi náà kò dáwọ́ ṣíṣàn dúró.

Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó mọ ohun tí ó wà nínú omi náà. Èròjà kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, èròjà yìí a máa tú oró sáyánáìdì sílẹ̀. Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọgbọ́n tí a fi í ṣẹ́gun rẹ̀: rírin, kíkan, fífún àti yíyan ni ó ń lé oró náà jáde kúrò nínú gàrí. Ṣùgbọ́n oró tí ó kúrò nínú gàrí kò kúrò láyé. Apá kan bá afẹ́fẹ́ lọ, apá kan bá omi lọ. Lẹ́yìn èyí, sítáàṣì inú omi náà a máa jẹrà nínú odò, ìjẹrà náà a sì máa gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ìbá fi mí.

Inú mi dùn sí ìmọ̀ yìí, mo gbé e lọ sílé bí ẹni tí ó ru ẹrù iyebíye. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń yan gàrí lọ́wọ́, ó gbọ́ mi títí dé òpin, ó sì nu omi ojú tí èéfín fà. Ó ní, "Àkànní, o ṣeun, ọmọ mi. Ìwé rẹ ti sọ ohun tí mo ń ṣe tí kò dára. Ṣé ó sọ ohun tí mo lè ṣe?" N kò rí èsì fọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀ràn yìí: ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó da omi ni, kí ìjọba ti abẹ́ àtíbàbà náà pa. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún ẹni tí ó ti yó. Bí a bá ti ọ̀kan pa lónìí, òmíràn yóò ṣí lẹ́bàá odò mìíràn lọ́la, nítorí pé ìlú fẹ́ jẹ gàrí, ebi kì í sì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn yóò sọ pé òṣì ni ó jẹ̀bi, kí á fi obìnrin náà sílẹ̀. N kò fara mọ́ èyí náà. Òtòṣì ni bàbá àgbẹ̀ yẹn pẹ̀lú, òṣì kò sì fún òtòṣì láṣẹ láti ba omi òtòṣì ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ní ti èmi, mo gbà pé gbogbo wa ni a jẹ gbèsè náà. Nínú owó tí a ń san lórí kóńgò gàrí kan, owó àgbẹ̀ wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó jẹ́ ti odò. Nítorí náà, gbogbo ẹni tí ó bá ti mu gàrí rí ti jẹ lára odò náà, àti bàbá tí ó gba kóńgò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n a kò lè pín gbèsè náà ní dọ́gba-dọ́gba. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ ni ó yẹ kí ó san jù, nítorí pé ìmọ̀ tuntun nìkan ni ó lè mú wa kúrò níbi tí a ti ń yan oúnjẹ tàbí odò. Ìwádìí tí a bá ṣe lórí irú ọ̀ràn yìí kì í ṣe àánú tí a ń ṣe fún ẹnikẹ́ni. Gbèsè ni a ń san.

Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ káwọ́ gbera. Láti 1956 ni ìjọba ti dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ ní Oṣòdì, ẹ̀rọ ìṣe-gàrí sì wà lára ohun tí wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí. Ní ọdún 1967 ni a dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá, ó sì ń run oko ẹ̀gẹ́. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA wá ọ̀tá kòkòrò náà lọ sí ibi tí ó ti wá. Ní 1981 ni a rí i ní Paraguay: agbọ́n kékeré kan tí ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà. Wọ́n sìn ín, wọ́n tú u sílẹ̀, ó sì ṣẹ́gun. Ní 1995 ni Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé nítorí iṣẹ́ yìí.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Agbọ́n náà fi ìyẹ́ ara rẹ̀ fò dé oko àgbẹ̀. Kò béèrè owó ọkọ̀, kò béèrè ẹni tí yóò tún un ṣe. Ẹ̀rọ kò ní ìyẹ́. Nígbà kan, a gbé ẹ̀rọ ìyangàrí kan wá sí ìlú wa pẹ̀lú ìlù àti ìjó. Kò pé ọdún kan tí bẹ́líìtì rẹ̀ já, kò sì sí ibi tí a ti lè rí òmíràn rà. Adìẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀ nígbà tí mo rí i kẹ́yìn. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò purọ́. Níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo béèrè pé, ṣé a lè pe gbèsè tí kò dé ọwọ́ olówó ní sísan?

Ní ìsinmi kan, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì lọ bi àwọn obìnrin náà léèrè ohun tí ń ni wọ́n lára jù. A rò pé omi ni wọn yóò sọ. Èéfín ni wọ́n sọ, àti owó igi. A tún lọ bá àwọn ará abà. Omi nìkan ni wọ́n sọ. Ìgbà náà ni ó yé mi pé ẹni tí ó bá gbọ́ ẹnu ẹnìkan péré kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

A gbẹ́ kòtò méjì jìnnà sí odò, a fi búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ńtì ṣe wọ́n. Omi ẹ̀gẹ́ ń sun síbẹ̀, sítáàṣì ń sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò fi bẹ́ẹ̀ ka kòtò náà sí títí ó fi rí i pé òun lè kó sítáàṣì náà tà. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó lè da omi sí ojú àgbàrá níṣojú rẹ̀. Bákan náà ni èèpo ẹ̀gẹ́. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti rí ọ̀nà láti rin ín, kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì gbẹ ẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀ fún oúnjẹ ẹran. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Òkìtì èèpo ìlú wa ṣì ń jẹrà níbi tí ó wà, nítorí pé ìmọ̀ náà kò tíì rin ìrìn-àjò dé ọ̀dọ̀ wa.

N kò ní tan yín. Nígbà òjò, kòtò wa a máa kún àkúnwọ́sílẹ̀. Èéfín ṣì ń fa omijé. Mo kí bàbá àgbẹ̀ náà nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo bi í bí odò ti rí. Ó ní, "Ó sàn díẹ̀, ọmọ mi. Ẹja kò tíì padà."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Púpọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé gàrí, iṣu tàbí kòkó ẹnìkan ni ó gbé wa dé ibí. Nígbà tí ẹ bá kọ ìwé ìwádìí yín tán, tí olùkọ́ sì ti fún yín ní máàkì, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ti parí. Obìnrin kan wà nídìí agbada tí ó ń béèrè pé, "Ṣé ó sọ ohun tí mo lè ṣe?" Bàbá kan sì wà ní ìsàlẹ̀ odò tí ó ń retí ẹja.