Ìlú Wo Ni Kí Á Kó Ìdílé Wa Lọ?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tí ó sì pín arísìkí sí orí rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí, a gba ẹ̀yin àti ara wa ní ìyànjú pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí ọmọ wọn ṣì kéré. Owó ilé ti ga ní Èkó, wọ́n sì fẹ́ kó lọ. Àwọn kan ń wo Ọ̀tà, àwọn kan Abẹ́òkúta, àwọn mìíràn Ìbàdàn. Kí ni ó yẹ kí á fi yan ìlú?

Ẹ jẹ́ kí á wo Ànábì Ibrahim, nígbà tí ó fi Hajara àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀, Ismail, sí àfonífojì Mẹ́kà tí kò ní ohun ọ̀gbìn. Nínú àdúà rẹ̀ tí ó wà nínú Sūratu Ibrahim, ìrun kíkí ni ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ọkàn àwọn ènìyàn fà sí wọn, kí ó tó wá tọrọ èso fún jíjẹ wọn. Ẹ̀sìn, aládùúgbò rere, oúnjẹ: bí ó ṣe tò ó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa, owó ilé nìkan ni a ń béèrè.

Bàbá tí ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Ọ̀tà, tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, yóò jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò dá a dúró lọ́nà, àwọn ọmọ yóò sì ti sùn kí ó tó wọlé. Ta ni yóò kọ́ wọn ní ìrun? Ta ni yóò gbọ́ kéú wọn? Owó ọkọ̀ lè gba èyí tí a rò pé a fi pamọ́, ìgbà èwe ọmọ kò sì ṣe é rà padà. Ọlọ́hun ni ó fi wọ́n sí ìkáwọ́ wa, a ó sì jíhìn.

Ṣáájú Hijira ọdún 622, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun rán Mus'ab ọmọ Umayr ṣíwájú lọ sí Mẹ̀dínà láti kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní Alùkùráánì. A kì í fi gbọ́yìí-sọ̀yìí kó ìdílé. Kí á lọ wo àdúgbò náà fúnra wa, pàápàá lásìkò òjò. Kí á béèrè omi, ilé ìwé, ilé kéú, mọ́sálásí, àti ilé ìwòsàn tí a lè gbé ọmọ dé lóru.

Hajara bi Ibrahim léèrè bóyá Ọlọ́hun ni ó pàṣẹ ìrìn náà. Nígbà tí ó gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Wáhíyì kò sọ̀kalẹ̀ fún àwa. Nítorí náà, ọkọ tí ó kàn ní kí ìyàwó òun palẹ̀ ẹrù mọ́ kò ní àwíjàre. Kí àwọn méjèèjì gbìmọ̀ pọ̀, kí wọ́n kí rákà méjì Isitikāra, kí wọ́n sì gbára lé Ọlọ́hun.

Bí ìlú tuntun bá kọ́kọ́ le, ẹ jẹ́ kí á ṣe sùúrù. Ibà mú Abu Bakr àti Bilal nígbà tí wọ́n dé Mẹ̀dínà, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì tọrọ pé kí Ọlọ́hun jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn ìlú náà. Àwọn ará Mẹ̀dínà pàápàá gba àlejò wọn bí ọmọ ìyá. Bí a bá rí ojú tuntun nínú sáàfù wa, ẹ jẹ́ kí á béèrè ibi tí ó ń gbé àti àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi wá sí ibi tí ẹ̀sìn wa yóò ti dúró, tí àwọn ọmọ wa yóò sì ti tutù sí wa lójú. Āmīn.